Etí Gbọ́tèmi

Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ọṣẹ náà. Aránṣọ rí i kó tó rí ohunkóhun mìíràn: ìfófòó funfun tó kún báàfù ìfọṣọ, àti ilà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń yọ́ lọ láàárín rẹ̀. Ajá jókòó sínú báàfù bí ọba. Àwọn ọmọ Aránṣọ méjèèjì kúnlẹ̀ tì í, aṣọ wọn rin gbingbin, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín débi pé wọn ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ìyá wọn. Àbúrò bu ìfófòó, ó fi ṣe fìlà lé ajá lórí. Ajá sín, fìlà fọ́n ká. Ni ẹ̀rín bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ẹ dìde kúrò níbẹ̀."

Láti ṣọ́ọ̀bù ló ti sáré bọ̀, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Oníbàárà kan ló mú ìròyìn wá: ajá dìgbòlugi ti bu ọmọ káfíńtà jẹ láàárọ̀. Wọ́n ti pa á, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó ti bá àwọn ajá àdúgbò jà kó tó kú. Káfíńtà ti kó àwọn ọkùnrin jọ, wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé. Ajá yòówù tó bá ti ní ọgbẹ́ lára, wọn ò ní bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Etí ọ̀tún Gbọ́tèmi, ajá tiwọn, ti ya.

"Ṣé ó bù ẹ́ jẹ? Fi ọwọ́ hàn mí. Ìkejì ńkọ́?" Ó ń yí ọwọ́ Àbúrò síwá sẹ́yìn bí ẹni ń yẹ aṣọ wò. Ọmọ náà bú sẹ́kún.

"Màmá, ẹ fara balẹ̀ ná, ẹ jẹ́ kí n sọ..." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń sọ̀rọ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àgbà nítorí ẹnu rẹ̀.

"Mi ò bi ẹ́. Ẹ wọlé, kí ẹ lọ fọwọ́ yín dáadáa."

Ó ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná mọ́ wọn, ó so ajá mọ́ ìdí ẹ̀rọ omi. Kò fẹ́ ajá yìí rí. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tí kì í gbélé, ló gbé e wá, tó sì sọ ọ́ ní Gbọ́tèmi, ajá tí kò gbọ́ ti ẹnì kankan láti ọjọ́ tó ti dé. Irun rẹ̀ ti bá aṣọ funfun ìyàwó ọ̀ṣìngín kan dé ibi ìgbéyàwó rí. Ọkọ rẹ̀ ní òun máa mú un lọ gba abẹ́rẹ́. Ṣé ó mú un lọ? Ó pè é lórí fóònù. Fóònù ò wọlé.

Wọ́n kan géètì.

Bí mo bá fà á lé wọn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ parí, ló rò. Ó mọ̀ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń rántí òwe nígbà tí itọ́ ajá bá wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀?

Káfíńtà ló dúró níwájú, lẹ́búlẹ́bú igi ṣì wà nínú irun rẹ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó mú lọ́wọ́ kì í ṣe igi lásán. Ẹsẹ̀ tábìlì ni, èyí tó ti fá tó dán, tí kò tíì kùn.

"Aránṣọ, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́. Ìyá rẹ̀ wà pẹ̀lú ẹ̀ lọ́sibítù." Kò wo ojú rẹ̀. "Ajá yín ńkọ́?"

Irọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ètè rẹ̀, ṣùgbọ́n Gbọ́tèmi fúnra rẹ̀ ló gbó láti ẹ̀yìnkùlé. Aránṣọ yà lọ́nà fún káfíńtà. "Ẹ̀yin nìkan o, ẹ̀gbọ́n. Àwọn ọmọ wà nílé."

Nígbà tí káfíńtà rí etí náà, ó dúró. Ó di ẹsẹ̀ tábìlì mú dáadáa. Ajá ń ju ìrù fún un. Aránṣọ la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ohùn mìíràn ló ṣáájú.

"Wáyà ló gé e."

Ìyá Àgbà ti ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Omi ń kán lára aṣọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò dúró. "Bọ́ọ̀lù Àbúrò ló fẹ́ mú lábẹ́ ọgbà. Ẹ wá wò ó, irun rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Kò jáde láti àná. Èmi ni mo ti géètì lẹ́yìn Màmá."

Káfíńtà tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ọgbà, ó fi ìka méjì yọ ìdì irun kan lórí wáyà, ó sì fọwọ́ ra á. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ tán. Ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Àbúrò ti jáde, ó ti gbàgbé ẹkún. "Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà ní ajá?"

"A ní." Ó ju irun náà sílẹ̀. "A ní i tẹ́lẹ̀. Ti ọmọ mi ni. Ó máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un lẹ́sẹ̀."

Àbúrò rẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

Ó wá yé Aránṣọ. "Ẹ̀gbọ́n," ó rọra ní, "ajá tó bù ú jẹ..."

"Ó ń jẹun lọ́wọ́ ni. Ọmọ náà fà á nírù." Ọgbà ló kọjú sí bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Mo rí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ mi, igi sì wà lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún wọn pé itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀. Bóyá omi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mu. Dókítà ẹranko ní ká ní mo kàn so ó mọ́lẹ̀ ni, à bá mọ̀ bóyá dìgbòlugi ni." Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Ọmọ náà ń bi ìyá ẹ̀ bóyá a ti fún ajá lóúnjẹ."

Ajá kan ṣoṣo tó bá ya wèrè lóòótọ́ ládùúgbò ì bá ti tó fún ọkùnrin yìí lónìí, kó lè sọ pé òun ò ṣi tòun pa.

"Màá so ó mọ́lẹ̀," ni Aránṣọ sọ. "Kí dókítà náà wá wò ó."

Káfíńtà mi orí pé ó dáa. Aránṣọ gbọ́ bó ṣe ń sọ fún àwọn tó kù ní géètì pé ó tó, kí oníkálukú máa lọ sílé.

Ìfófòó ti ń gbẹ lára ajá. Àwọn ọmọ bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn fi omi ṣàn án, ó sì gbà, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀ tó ń bu omi sí i yí etí náà ká. Ajá gbọn ara, omi ta sí gbogbo wọn lójú, àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. *Ẹ mú un síta, kí àwọn ọmọ má rí i.* Gbólóhùn tó fẹ́ sọ fún káfíńtà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ lódindi, bí abẹ́rẹ́ tó máa ń fi ètè dì mú nígbà tó bá ń gán aṣọ. Ẹnu ọmọ ọdún mẹ́jọ ló yá ju tirẹ̀ lọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nílé káfíńtà láàárọ̀ òní, kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn wá gbẹnu sọ fún ajá tiwọn.