Àtẹ Tọ́ọ̀kù Ẹ̀gbọ́n Mi

Etí Ehoro ni àwọn oníbàárà ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Bí ọkọ̀ bá ti ń wọ inú ọgbà rẹ̀, kó tiẹ̀ tó dúró, ẹ̀gbọ́n mi á ti mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnì. Á ní, "Èyí ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré gun àtẹ̀gùn," ẹni tó ni ọkọ̀ á sì yanu sílẹ̀.

Iṣẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe ká tú nọ́ọ̀tì, ká pààrọ̀ ọ́ìlì. Ọpọlọ ọkọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń pàṣẹ fún ẹ́ńjìnì, ló máa ń tún ṣe kí ọkọ̀ lè lágbára ju bó ṣe wà lọ. Èmi àbúrò rẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ jẹun.

Òun ló tọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá wa kú, òun sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Òun ló ń fọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ mi. Bí ibà bá mú mi, òun ló ń jókòó tì mí. Látọjọ́ yẹn, kò bẹ̀ mí ní ohunkóhun rí. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn kọjá ààlà ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀.

"Àbúrò mi, ṣé kọ̀ǹpútà ò lè bá mi ṣe ìṣirò àtẹ yìí ni? Ojú ń dùn mí."

Ìṣirò ọ̀hún rèé. Tọ́ọ̀kù ni wọ́n ń pe agbára tí ẹ́ńjìnì fi ń yí táyà. Àtẹ méjì ló wà fún un nínú ọpọlọ ọkọ̀. Èkíní ń sọ pé bí afẹ́fẹ́ tó báyìí bá wọ ẹ́ńjìnì, tọ́ọ̀kù báyìí ló máa jáde. Èkejì gba ọ̀nà ẹ̀yìn wá: awakọ̀ ń fẹ́ tọ́ọ̀kù báyìí, afẹ́fẹ́ wo ni ká jẹ́ kó wọlé? Ẹni tó bá yí èkíní padà gbọ́dọ̀ tún èkejì ṣírò, ojú àtẹ igba lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta tí nọ́ńbà wà nínú wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí méjèèjì ò bá bára mu, ọkọ̀ á máa ta gìrì lójú títì bí ẹni tí wọ́n jí lójijì. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi pẹ́ńsùlù ṣe é, ó sì ń gbà á ní odidi òwúrọ̀ kan.

"Èyí ò le rárá, ẹ̀gbọ́n mi," mo ní. "Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bọ́tìnnì kan lẹ máa tẹ̀. Kí ẹ tó mu omi tán, ó ti parí."

"Má jẹ́ kó gbọ́n jù mí lọ ṣá," ó fẹ̀rín sọ ọ́. "Kó gbọ́n tó mi, ó tó."

Ó kó iṣẹ́ ọdún méjìlá fún mi, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àtẹ rẹ̀ méjèèjì àti ọjọ́ tó ṣe é. "Gbogbo rẹ̀ ni kó o lò," ó ní. "Má yọ ìkankan sílẹ̀, títí kan ti oṣù tó kọjá."

Bí mo ṣe ń dán ètò náà wò ni pé màá fún un ní àtẹ kìíní, òun fúnra rẹ̀ á ṣírò èkejì, màá wá fi wé èyí tí ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kọ. Àwọn ọkọ̀ ọdún àkọ́kọ́ ṣe déédéé. Ọdún kejì, déédéé. Mo ń dá rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Pẹ́ńsùlù lobìnrin yìí ń lò o, kò sì ṣi ẹyọ kan!

Ìgbà tí mo dé ọdún tó kọjá, ojú kan yàtọ̀. Nínú ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e, ojú mẹ́ta. Nígbà tó fi di oṣù kẹfà, odidi ìlà kan ti sún sápá kan, bí ẹ̀wù tí wọ́n de bọ́tìnnì rẹ̀ sí ihò tí kì í ṣe tirẹ̀.

Mo gbà pé èmi ni mo ṣì í. Ta ni mí tí màá fi sọ pé Etí Ehoro ṣi ìṣirò? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá àṣìṣe mi. Láràárọ̀, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, màá tú ètò náà palẹ̀, màá tún un kọ, ibi kan náà ló ń já sí. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, mo ní ètò yìí fẹ́ yí mi lórí.

"Máa wò ó dáadáa," ó ní.

Nígbà tó sú mi, mo gbé e fún obìnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wá àléébù nínú iṣẹ́ àwa yòókù, kì í sì í fojú àánú wo ẹnikẹ́ni. Ó fi ẹ̀rọ ìṣirò ṣe ìlà mẹ́ta fúnra rẹ̀ lákòókò ìsinmi ọ̀sán.

"Ètò rẹ ò ṣẹ̀," ó ní. "Èyí tó o fi ń wé e ló ṣì. Ta ló ṣe é?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?"

"Mọ́kàndínlọ́gọ́ta."

Ó pa ẹ̀rọ ìṣirò náà. "Télọ̀ ni bàbá mi," ó ní. "Nígbà tí ìgbàgbé tiwọn bẹ̀rẹ̀, apá ọ̀tún ẹ̀wù á gùn ju tòsì lọ. A rò pé ojú ni. Awò la lọ rà fún wọn." Ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká. Láti ọdún mẹ́fà tá a ti jọ wà níbẹ̀, kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Mo délé, mo to àwọn ọkọ̀ náà bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀ léra. Oṣooṣù ni àṣìṣe ń pọ̀ sí i. Nínú èyí tó kẹ́yìn, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló kọ látòkè délẹ̀ ìlà kan, igba lé mẹ́rìnlá, igba lé mẹ́rìnlá, bí ọmọ tí tíṣà ní kó máa kọ ọ̀rọ̀ kan náà fún ìjìyà. Mo wá ń rántí àwọn nǹkan tí mo ti fi rẹ́rìn-ín. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí kan láti bi mí bóyá mo ti délé. Ó bi mí nígbà kan pé ìyá wa ńkọ́, mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Mo gbórí lé tábìlì, mo sunkún bíi ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé ètò náà lọ fún un.

"Ó ti ṣetán," mo ní. "Èmi ni mo ṣì í, mo sì ti tún un ṣe."

Ó wò mí títí. "Ìwọ lo ṣì í?"

"Èmi ni o."

"O ò rí nǹkan míì?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó yíjú sí ẹ́ńjìnì tó wà níwájú rẹ̀. "O ṣeun," ó ní.

Lójú tèmi, àánú ni mo ṣe yẹn. Oṣù méjì ni ètò náà fi ń ṣírò, tí àtẹ méjèèjì ń bára mu. Mo ń yà síbẹ̀ lójoojúmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, mo ń díbọ́n pé ètò ni mo wá wò.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, agbẹ̀bí kan tó ti ń gbé ọkọ̀ wá fún un láti ọdún mẹ́wàá wọlé dé. Ẹ̀gbọ́n mi kí i tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. "Ẹ káàbọ̀, mà. Kí ló tún ń ṣe ọkọ̀ yín?"

Àná ni agbẹ̀bí náà gbé ọkọ̀ ọ̀hún wá. Ẹ̀gbọ́n mi ti parí iṣẹ́ lórí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Agbẹ̀bí wá gbé e lọ ni. Ó wò mí, mo wolẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹ̀gbọ́n mi sì rí ojú àwa méjèèjì.

Nígbà tí agbẹ̀bí lọ tán, ẹ̀gbọ́n mi ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì.

"O ti mọ̀," ó ní.

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Láti ìgbà wo?"

"Kí n tó gbé ètò yẹn wá."

"Oṣù méjì." Ó jókòó. Ó fa dúróà yọ, ó mú ìwé kékeré kan jáde, ó ṣí i síwájú mi. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́. *Kọ́kọ́rọ́ wà lára ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé ló ń ṣí kọ̀ǹpútà. Àbúrò mi kì í fi ṣúgà sí tíì. Ìyá ti kú, má bi í mọ́.*

"Ojú ò dùn mí rí," ó ní. "Mo mọ̀ pé nǹkan ń jẹ mí lórí, mi ò sì lè fẹnu ara mi sọ ọ́ fún ọmọ tí mo tọ́. Mo ní tí mo bá kó gbogbo iṣẹ́ mi fún ẹ, wàá rí i. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo sọ fún ẹ, àbúrò mi. Mo rò pé ó máa di odindi nínú ẹ."

"Mi ò fẹ́ kí ọkàn yín bàjẹ́ ni."

"Ó ti bàjẹ́ tipẹ́. O kàn jẹ́ kí n dá nìkan wà pẹ̀lú rẹ̀ ni. Àràárọ̀ ni mò ń sọ pé òní ló máa sọ ọ́, òní la jọ máa sunkún. O dé, o ní ṣé ètò ń ṣe dáadáa."

Mo kúnlẹ̀, mo gbórí lé itan rẹ̀. A sunkún náà níkẹyìn, ó pẹ́ ká tó dákẹ́. Òun ló kọ́kọ́ nu ojú.

"Dìde," ó ní. "Tí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Àwọn ọkọ̀ tí mo ti bà jẹ́ wà lójú títì."

Mọ́kànlá ni wọ́n. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi tún wọn ṣe. Ó jókòó tì mí, ó ń ka àtẹ kìíní sókè, mò ń tẹ̀ ẹ́, ètò ń ṣírò èyí tó kù. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún ẹni kọ̀ọ̀kan pé, "Èmi ni mo ṣì í. Ara mi ò yá." Ọkùnrin kan pariwo mọ́ ọn gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi dúró gbọ́ ọ tán, ó ní kó má bínú, ó fún un ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀.

Dókítà fún àìsàn náà ní orúkọ gígùn kan. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó jọ̀ọ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀, torí òun ò ní rántí. Ó bú sẹ́rìn-ín. Dókítà ò mọ̀ bóyá kí òun náà rẹ́rìn-ín.

A ti ọgbà náà pa lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ̀ mi ló wà báyìí. Àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ tí mi ò rí rí ń lo ètò yẹn, wọ́n máa ń kọ̀wé sí mi pé ó dín iṣẹ́ odidi òwúrọ̀ kù fún wọn. Mi ò lè sọ ohun tó jẹ́ lójú mi fún wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá jókòó tì mí níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. "Ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí, bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú o, ọ̀gbẹ́ni. Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Mò ń ṣírò àtẹ tọ́ọ̀kù."

"Iṣẹ́ yẹn nira o. Ta ló kọ́ yín?"

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni."

"Wọ́n káre. Ṣé wọ́n ṣì wà?"

"Wọ́n wà."

"Ẹ bá mi kí wọn."

Mo ní màá jíṣẹ́.