Akófáìlì Tó Ń Kánjú

"Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé láàárọ̀ yìí!" Agéjígí ń pariwo nínú fóònù, ariwo ẹ̀rọ sì ń bá tirẹ̀ figa gbága. "Jígí ojú ọ̀tún nìkan ni ẹ̀rọ gé. Tòsì ò sí níbẹ̀ rárá. Àbí gbogbo ìlú ti di olójú kan láti àná ni?"

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Kíákíá fi èjìká gbá fóònù mọ́ etí, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ kọ̀ǹpútà lórí tábìlì ìjẹun. Pálọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu bàbá náà, Kíákíá ò fẹ́ kí ó dá wà nínú ilé. Bàbá jókòó sí ìdí fèrèsé, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà lórí itan rẹ̀, ó ń wo ọmọ rẹ̀.

"Àwọn ṣọ́ọ̀bù ló ń fi àbọ̀ iṣẹ́ ránṣẹ́," ni Kíákíá wí. "Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa kọ ọ́ parí."

"Wọ́n ní àwọn kọ ọ́ parí o. Wọ́n ní..."

"Irọ́ ni wọ́n ń pa. Màá pè yín padà." Ó ti pa fóònù kí ọkùnrin náà tó dé ìdí ọ̀rọ̀.

Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Kíákíá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, agbẹ̀bí ò tíì wọ bàtà tán tó ti dé, tó ti ń ké. Ó dàgbà tán, orúkọ náà ò bọ́ lára rẹ̀, àwọn ará ibi iṣẹ́ pàápàá gbà á lọ́wọ́ bàbá, òun náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ta ni wọ́n máa pè lórúkọ bẹ́ẹ̀ tí inú rẹ̀ ò ní dùn?

Ilé iṣẹ́ tó ń gé jígí awò ojú ló gbé iṣẹ́ fún un. Bí ènìyàn bá lọ yẹ ojú wò ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á kọ ìwọ̀n ojú rẹ̀ sínú fáìlì, ọ̀tún lókè, òsì nísàlẹ̀, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sínú fódà kan. Sọ́fítíwíà ńlá kan ló so àwọn ṣọ́ọ̀bù, ọ́fíìsì àti ẹ̀rọ ìgéjígí pọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń wo inú fódà fúnra rẹ̀. Àfikún kékeré kan ni wọ́n ń fi mọ́ ọn lára, kí ó máa ṣọ́ fódà, kí ó máa ṣe àdàkọ ohun tó bá bọ́ síbẹ̀, kí ó máa gbé e fún ẹ̀rọ. Kíákíá ló fi í sí i lánàá, òun ló sì yan gbogbo ètò rẹ̀, láti orí fódà tí yóò máa ṣọ́ títí dé ibi tí yóò kó ẹrù sí. Òun àti Agéjígí, ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà, sọ ọ́ ní Akófáìlì, bí ẹni pé òṣìṣẹ́ tuntun ni wọ́n gbà.

"Mi ò... fẹ́..." ni bàbá wí láti ìdí fèrèsé.

"Ẹ ò fẹ́ lọ, Bàbá. Mo mọ̀." Ojú Kíákíá ò kúrò lára kọ̀ǹpútà. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní gbé yín lọ síbì kankan."

Bàbá mi orí díẹ̀.

Ọjọ́ náà gan-an ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bọ̀ pẹ̀lú mọ́tò. Ó fẹ́ kí bàbá máa gbé lọ́dọ̀ òun, níbi tí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà, tí ilé ìwòsàn ò sì jìnnà. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni òun àti Kíákíá ti ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lórí fóònù. "Bàbá ò fẹ́ lọ," ni Kíákíá máa ń wí. Ẹ̀gbọ́n á ní, "Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀?" Kíákíá á ní, "Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́!" Kò sì parọ́, lójú ara rẹ̀. Àwọn méjì péré ló ṣẹ́kù nínú ilé náà. Ìyá ti kú tipẹ́, Kíákíá sì ti kó padà wálé lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá gbé bàbá lọ, ta ló kù?

Onígbàjámọ̀ ni bàbá nígbà tí ara ṣì le, ìtàn ló sì ń pa ju irun tó ń gé lọ. Bí ìtàn bá dé ibi tó dùn, á gbé abẹ dúró sókè, oníbàárà á jókòó pẹ̀lú orí tí wọ́n fá dé àbọ̀, kò ní lè dìde, kò sì ní fẹ́ dìde. Ẹni tó bá ní òun ń kánjú, bàbá á ní, "Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àgàgà orí olórí." Ẹnu yẹn náà ni ọ̀rọ̀ ń jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan báyìí, á pẹ́ kí èkejì tó tẹ̀lé e. Ó ń dun Kíákíá dé egungun. Kò lè fara da ìdákẹ́jẹ́ tó wà láàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì, ìdí nìyẹn tó fi ń bá a parí gbogbo rẹ̀: omi lẹ fẹ́, ẹ fẹ́ dìde, òtútù ń mú yín. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é, ẹ má bínú sí i.

Ó ṣí fódà, ó wo àwọn fáìlì mẹ́ta tí Agéjígí ń pariwo lé lórí. Ojú méjèèjì pé sínú gbogbo wọn. Ó wo àdàkọ tí Akófáìlì gbé fún ẹ̀rọ: ojú kan. Ó yà á lẹ́nu. Ó pe obìnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tó jìnnà jù, ó ní kí ó jọ̀ọ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́, òun fẹ́ fojú ara òun rí i.

Orúkọ fáìlì ló kọ́kọ́ yọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ò lágbára, inú fáìlì ń kún díẹ̀díẹ̀ bí garawa tí wọ́n gbé sábẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń kán. Ojú ọ̀tún wọlé. Kí tòsì tó dé, Akófáìlì ti ṣe àdàkọ, ó ti gbé e lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìyókù ń dé, kò sì sí ẹni tó dúró gbà á.

Kíákíá wá ètò rẹ̀ wò. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ń béèrè bí Akófáìlì yóò ṣe pẹ́ tó kí ó tó fọwọ́ kan fáìlì. Òdo ni Kíákíá fi sí i lánàá, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tó ń fi í sí i. Kí ló fẹ́ dúró fún? Ohun ojú wá lojú rí. Ó tún un ṣe: kí Akófáìlì máa wo fáìlì lẹ́ẹ̀mejì, bí ó bá ṣì ń tóbi sí i, kí ó fi í sílẹ̀, bí ó bá dúró sójú kan, kí ó gbé e. Obìnrin náà tún fi òmíràn ránṣẹ́. Fáìlì yọ, ó ń kún, Akófáìlì ò mira. Ọwọ́ ń yún Kíákíá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé nǹkan náà ti kọṣẹ́, ó kàn ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà ni. Nígbà tó pẹ́, Akófáìlì gbé e. Ojú méjèèjì pé.

"Ẹ bá mi bẹ àwọn ṣọ́ọ̀bù," ló wí fún Agéjígí lórí fóònù. "Èmi ni mo jẹ̀bi."

"Hẹ̀n-ẹ́n! Ṣé Akófáìlì ti wá ní sùúrù báyìí?"

"Ó ti ní in."

"Ó wá ku ẹni tó gbà á síṣẹ́ o," ni Agéjígí wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Kíákíá náà rẹ́rìn-ín. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó na ẹ̀yìn, ó sì yíjú sí bàbá rẹ̀.

"Mi ò... fẹ́..."

Ẹnu Kíákíá ti là. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá ló ń wò lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ìkòkò orí iná, ó sì rí i pé ètè rẹ̀ ò tíì sinmi. Ó ń mì díẹ̀díẹ̀, láìsí ohùn. Kíákíá pa ẹnu dé. Ó fa àga sún mọ́ ọn, ó jókòó.

Mọ́tò kan dúró níta. Wọ́n fun fèrè. Ó mọ fèrè náà, kò dìde.

"Kí... o..."

Kíákíá di apá àga mú. Kì í ṣe "lọ" ló tẹ̀lé e.

"Máa... dá... gbé."

Mi ò fẹ́ kí o máa dá gbé. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni bàbá ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láàárọ̀, lálẹ́, tí òun sì ń gbé àbọ̀ rẹ̀ sá lọ bá ẹ̀gbọ́n jà. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ta ni ò fẹ́ kí bàbá lọ gan-an? Òun ni. Ẹ̀rù ilé òfìfo ló ń bà á, ó sì ti ń fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sí bàbá lẹ́nu.

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Bàbá," ló wí, "ṣé ẹ̀yin fẹ́ lọ?" Kò fi nǹkan kan kún un.

Bàbá wò ó títí. Ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì lágbára rọra wá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ rí, ó dì í mú. "Mo... fẹ́..."

Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ̀gbọ́n wọlé, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ le bí ojú ẹni tó ti há gbogbo àwíjàre rẹ̀ sórí lójú ọ̀nà. "Kíákíá, ṣé o rí i, lónìí yìí..."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná, Ẹ̀gbọ́n mi," ni Kíákíá wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Bàbá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́."