Ohun Tí Ètò Náà Mọ̀ Tí Kò Sọ

"Ètò yìí kò lè tẹ̀síwájú. Jọ̀wọ́ kàn sí wa."

Gbólóhùn yìí ni kọ̀ǹpútà ń kọ sí Verna Lindqvist, tó ń ṣe orin fún eré orí ìtàgé, lójú láti ọjọ́ Ajé. Bí ó bá ti ń gbé ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń dún bíi fáólíìnì sórí rẹ̀, yóò máa lọ dáadáa títí yóò fi kù díẹ̀ kó parí, gbólóhùn náà yóò sì yọ. Ó yọ ètò náà kúrò, ó tún un gbé sórí. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Gbólóhùn kan náà ni.

Ètò náà kì í ṣe tuntun sí i. Ó ti pẹ́ tó ti rà á, òun ló sì fi ṣe orin tí wọn yóò lò níparí eré tuntun ní tíátà kékeré kan létí adágún ní Duluth: eré nípa ọkọ̀ tó kó òkúta irin kúrò ní èbúté tí kò padà, àti àwọn aya tó dúró dè é. Ibi ìpamọ́ inú kọ̀ǹpútà náà ló bàjẹ́. Verna ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, orin náà sì wà lódindi níbi tó fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n láìsí ètò náà, bí ó bá ṣí orin ọ̀hún, àmì orin lásán ni yóò rí. Kò ní gbọ́ nǹkan kan.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Corwin Haskell, olùdarí eré náà, pè é.

"Verna, Ọjọ́bọ̀ la máa ṣe eré yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tí orin rẹ ò bá tíì dé, mo ti rí ọ̀kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún títà. Kò burú."

"O ti gbọ́ ọ?"

"Mo ti gbọ́ ọ. Fáólíìnì wà níbẹ̀ dáadáa."

"Fáólíìnì wà nínú orin tí báńkì fi ń dá èèyàn dúró lórí fóònù náà, Corwin."

"Ọ̀rẹ́ mi, mi ò bá ẹ jà. Àwọn òṣèré ní láti mọ ìgbà tí wọ́n máa kẹ̀yìn sí omi. Mi ò lè ní kí wọ́n máa fojú inú gbọ́ ọ."

Verna pe ilé-iṣẹ́ tó ni ètò náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Dalton ló dá a lóhùn.

"Mà, irú kọ̀ǹpútà wo lẹ ń lò?"

"Èyí tí mo fọwọ́ ara mi tò."

"Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ fún wa, mà. Kọ̀ǹpútà àfọwọ́tò ò sí lára àwọn tá a máa ń bójú tó."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ bójú tó o. Ètò yín ni mò ń béèrè. Kí ni 'kò lè tẹ̀síwájú' túmọ̀ sí?"

"Ó túmọ̀ sí pé kò lè tẹ̀síwájú, mà."

"Fáìlì ìbéèrè àṣẹ tí mo fi ránṣẹ́ sí yín ńkọ́?"

"A ti ṣí i, a ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí ohun tó ṣe é. Kọ̀ǹpútà yín ni, mà."

Ó ká Verna lára. Ó mọ gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn, nítorí òun ló rà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ wá láti ilé-iṣẹ́ rédíò kan tó kógbá sílé. Ardis, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbélé, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ilé ìdáná.

"Ṣé kò ní dáa kó o ra èyí tí wọ́n ti tò tán ní ṣọ́ọ̀bù?"

"Èyí tí wọ́n tò tán yẹn náà, èèyàn ló fọwọ́ tò ó, Ardis."

"Ọwọ́ tiwọn ń ṣiṣẹ́."

Bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀, Verna kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà orin dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó bá débẹ̀ yóò máa tún ara rẹ̀ ṣe láìgbàṣẹ, ohun tó ń ṣiṣẹ́ lánàá yóò sì dáwọ́ dúró láàárín orin. Nítorí náà, ọwọ́ ló fi ń gbé àṣẹ tí ètò máa ń béèrè kó tó ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà yóò kọ fáìlì ìbéèrè sórí fúláàṣì, Verna yóò gbé e lọ sí ilé ìkàwé, yóò fi ránṣẹ́, yóò gba fáìlì àṣẹ, yóò sì gbé e padà wálé. Bí iṣẹ́ bá parí, ó máa ń yọ okùn iná gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lára ògiri, kí ariwo iná má bàa wọ inú ohùn. Ó sì ti lẹ téèpù dúdú mọ́ igun ojú kọ̀ǹpútà, níbi tí aago wà. Ẹni tó bá ń wo aago kì í gbọ́ orin tán.

Ní Ọjọ́rú, ó ṣe fáìlì ìbéèrè tuntun, ó sì gbé e lọ sí ilé ìkàwé. Ó ṣí fúláàṣì náà. Ohun tó bá jẹ́ tuntun jù ló yẹ kó wà lókè. Fáìlì àárọ̀ yẹn kò sí lókè. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti rí i, lábẹ́ àwọn orin tó ti pẹ́ gan-an. Ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ní ọdún kan tí Verna kò tíì ra ohun kankan sínú kọ̀ǹpútà náà.

Ó jókòó. Ó yé e. Bátìrì kékeré tó ń jẹ́ kí aago máa lọ nígbà tí kò bá sí iná ti kú. Àṣẹ tuntun tí ilé-iṣẹ́ fún un lọ́sẹ̀ yìí jẹ́ ti ọdún yìí. Kọ̀ǹpútà rò pé ọdún yìí kò tíì dé, ètò náà sì kọ àṣẹ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Verna fúnra rẹ̀ ló ń yọ iná. Òun ni kò jẹ́ kí íńtánẹ́ẹ̀tì tún aago náà ṣe. Òun náà ló fi téèpù bò ó. Verna gba ẹ̀bi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó tó jáde lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé.

Ohun tí kò lè gbà ni ìyókù. Ètò náà fi ọjọ́ méjì wé ara wọn kó tó kọ̀. Ó mọ̀. Ẹni tó ṣe é mọ̀ pẹ̀lú, ó sì jókòó, ó kọ "kò lè tẹ̀síwájú." Dalton ṣí fáìlì tí ọjọ́ irú èyí wà lójú rẹ̀ gbangba, ó ní kò sí ohun tó ṣe é.

"Ardis, òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun ẹ dà? Bátìrì ẹ̀ ni mo fẹ́."

"Ìyẹ̀fun ti wà lórí ẹ̀."

"Dà á padà."

"Ojú ni kí n fi wọ̀n ọ́n?"

"Màmá ò ní òṣùwọ̀n."

"Búrẹ́dì Màmá le bíi bíríkì." Ṣùgbọ́n ó yọ bátìrì náà, ó sì fún un.

Verna ṣí ìdérí kọ̀ǹpútà, ó pààrọ̀ bátìrì. Ó ṣí téèpù, ó tún ọjọ́ ṣe. Ó gbé ètò náà sórí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì lọ láìdúró títí ó fi parí. Ó ṣí orin náà. Ó gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló pe Dalton.

"Inú wa dùn, mà. Màá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kọ̀ǹpútà àfọwọ́tò ló fà á."

"Kọ ọ́ sílẹ̀ pé ètò yín mọ̀ pé ọjọ́ ò bára mu, kò sì sọ."

"Kò síbi tí mo lè kọ irú ìyẹn sí, mà."

"Ẹ wá ibì kan. Ẹlòmíì ń bẹ níbì kan báyìí tó ń tú kọ̀ǹpútà ẹ̀ palẹ̀ nítorí yín."

Dalton ní kí ó ní ọjọ́ tó dára.

Ní Ọjọ́bọ̀, Corwin ti fi orin ọjà náà sínú ẹ̀rọ nígbà tí Verna wọ tíátà. Ó na fúláàṣì sí i.

"Kí ló wá ṣe é?"

"Bátìrì."

Corwin rẹ́rìn-ín. "Bátìrì lásán? Látọjọ́ Ajé?"

"Kì í ṣe bátìrì lásán. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọn ò kọ. Ó wà lọ́wọ́ wọn."

Corwin wo ojú rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó yọ orin ọjà náà kúrò, ó fi tirẹ̀ sí i. Àwọn aya tó wà lórí pèpéle kọjú sí ibi tí omi yẹ kó wà. Fáólíìnì wọlé, wọ́n gbọ́ ọ, wọn kò sì tíì kẹ̀yìn sí omi nígbà tó parí.

"Ẹ padà síbẹ̀rẹ̀," ni Corwin wí. "Orin yìí la máa lò."

Verna jókòó sẹ́yìn láìbọ́ kóòtù. Inú ṣì ń bí i.