Ọjọ́ Keje Ẹfúnwùmí

"Ìgbà kẹrin nìyí," Málọmọ́ wí fún Ẹfúnwùmí. Ó di ọrùn ọwọ́ Ìyábùnmi, ọmọ Ẹfúnwùmí, ọlọ́dún márùn-ún, mú bí ẹni tó di okùn ewúrẹ́ mú lọ́jà. "Ìgbà kẹrin tí ẹkù kàn ọ́, tí o ní o kò ní í tẹ̀ ẹ́. Ìyàwó, ṣé ibi iṣẹ́ la mú ọ wá ni, àbí ibi ìjókòó?"

Àwọn obìnrin méjì tó kù bú sẹ́rìn-ín. Kòtò ńlá tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ ni ẹkù náà, létí odò kékeré kan lọ́nà Ikpinlè. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń da ẹyìn tí wọ́n ti sè sí, tí ẹnì kan á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, tí ẹlòmíràn á máa da omi sí i, títí epo á fi léfòó. Obìnrin mẹ́rin ló ni ín, ó sì ń kan oníkálukú wọn lọ́rọọrún. Málọmọ́ ni olórí wọn. Òun náà sì ni ẹ̀gbọ́n ọkọ Ẹfúnwùmí tó ti kú, nítorí náà ẹnu tó ń bú u nílé náà ló ń bú u níbi iṣẹ́.

"Ìyá, ọjọ́ Olúwa ni òní," Ẹfúnwùmí dáhùn lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣe pààrọ̀. Ẹ gba tòní, kí n gba tọ̀la."

"Olúwa wo? Èyí tó fún ọ lọ́kọ ni, àbí èyí tó gbà á?"

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí Oyèlẹ́yẹ ọkọ Ẹfúnwùmí ti kú. Wọ́n fẹ́ ṣú u lópó fún àbúrò ọkọ, ó ní òun kò fẹ́, Jésù ti tó òun. Ẹbí ní kò burú: bí ẹkù bá ń bọ́ ọmọ, kí ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹkù bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ á padà sílé bàbá rẹ̀. Láti ìgbà náà ni Málọmọ́ ti tẹ́ ẹní ọmọ sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, tó ń retí ọjọ́ náà.

"Mo ti da ẹyìn tèmi sí i," Málọmọ́ wí. Òótọ́ ni. Ẹyìn agbọ̀n mẹ́fà wà nínú ẹkù, ooru ń jáde lára wọn. "Ìgbà mẹ́rin lo ti kọ̀ ọ́, àyè rẹ ti di tèmi. Ìyábùnmi, ó yá, ká máa lọ sílé bàbá rẹ."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí agboorùn dúdú kan fi yọ láàárín ọ̀pẹ. Àlàgbé ni, olùkọ́ ìjọ, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti Àjàṣẹ́ wá. Ó wọ ṣòkòtò funfun, ó ń gbé ẹsẹ̀ bí adìyẹ tó kó sí ẹrẹ̀. Láti bí ọ̀sẹ̀ méje ni wọn kò ti rí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá."

Ẹfúnwùmí dìde. Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà, ó tilẹ̀ fi agboorùn ránṣẹ́. "Olùkọ́, ẹ ṣeun tí ẹ dé. Ẹ bá mi sọ fún wọn, ọjọ́ kí ni òní?"

"Òní?" Àlàgbé pa agboorùn dé. "Àbámẹ́ta ni. Ọ̀la ni Àìkú, ohun tó mú mi wá nìyẹn."

Àwọn òyìnbó Faransé ti mú owó orí dé ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, wọn kò tíì mú kàlẹ́ńdà dé.

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀," Ẹfúnwùmí wí. "Ẹ̀yin lẹ ní ká máa sinmi lọ́jọ́ keje-keje. Ọjọ́ Olúwa tí ẹ wá kẹ́yìn, mo kà á ní ọ̀kan. Ọjọ́ kejì rẹ̀, èjì. Nígbà tó pé méje, mo sinmi. Mo tún ka ìyẹn ní ọ̀kan."

"O ka ọjọ́ Olúwa fúnra rẹ̀ mọ́ ọn?"

"Báwo ni wọ́n tún ṣe ń kà á? Bí a ṣe ń ka ọjà nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń kà á," Málọmọ́ wí, kó tó rántí pé ọ̀tá lòun.

Àlàgbé yọ ìwé kékeré kan lápò, ó fi ìka tọ̀ ọ́ lọ, ó tọ̀ ọ́ bọ̀. "Ọjọ́ mẹ́fà ni ọ̀sẹ̀ tìrẹ. Ìgbà mẹ́jọ lo ti sinmi, tó fi mọ́ òní. Nínú mẹ́jọ, ẹyọ kan ló bọ́ sí Àìkú, ìyẹn náà ṣèèṣì ni. Níbo lo wà ní Àìkú kẹrin? Ó ku ọjọ́ méjì kí o sinmi, nínú ìkà tìrẹ."

Ẹfúnwùmí fi ìka ṣírò. Ojú rẹ̀ yí padà. "Inú ẹkù ni mo wà," ó wí jẹ́jẹ́. "Mo tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Mo tún ń kọrin ìyìn."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí òkìtì ihá ẹyìn. Málọmọ́ ní, "Ọlọ́run rẹ ń pariwo lọ́run pé òun kò rán ọ, ìwọ ń bá wa jà nísàlẹ̀."

Ẹfúnwùmí wojú olùkọ́, bóyá yóò gbèjà òun. Àlàgbé sì fajú ro. "Ẹ̀ṣẹ̀ ni, arábìnrin. Tẹ̀ lé mi lọ sí Adja-Ouèrè nísinsìnyí, kí o kúnlẹ̀ níwájú ìjọ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí o kò bá wá, mi ò ní í ṣèrìbọmi fún ọ lọ́la."

Ẹni tí ó ń retí olùgbèjà ti wá bá ara rẹ̀ láàárín ọ̀tá méjì. Ó dijú. Ó rọra gbàdúrà. Nígbà tó lajú, ohùn rẹ̀ ti balẹ̀.

"Olùkọ́, ó dá yín lójú pé òní kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi?"

"Bí mo ṣe dúró yìí."

"Iṣẹ́ kò léèwọ̀ lónìí?"

"Kò léèwọ̀. Ṣùgbọ́n—"

Kò dúró gbọ́ ṣùgbọ́n. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó ṣán an, ó fi omi ṣan ẹsẹ̀, gbì, ó ti bọ́ sínú ẹkù.

Ẹ̀rín dá. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó da ẹyìn ló ni ọjọ́; ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ́kọ́ wọnú ẹkù ni.

"Jáde níbẹ̀," Málọmọ́ wí.

"Ìyá, èmi ló kàn. Ẹsẹ̀ mi ti wọ̀ ọ́."

"Orí ẹyìn mi lo dúró lé."

"Tèmi wà nínú agbọ̀n lọ́hùn-ún. Ẹ dà á pọ̀, ká jọ pín epo."

Málọmọ́ yíjú sí àwọn yòókù. "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dami fún un. Ẹ jẹ́ kó jáde wá pọnmi, ká wo ẹni tó lọjọ́." Àwọn obìnrin méjèèjì kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n bi léèrè ẹran inú ọbẹ̀.

Ẹfúnwùmí wo Àlàgbé. Àlàgbé wo ṣòkòtò funfun rẹ̀.

"Iṣẹ́ obìnrin nìyẹn," ó wí. "Jáde, arábìnrin, ká máa lọ."

"Ọ̀la ni ti Olúwa, olùkọ́. N ó wá lọ́la, bí ẹ ṣèrìbọmi fún mi, bí ẹ kò ṣe é. Òní, tèmi ni."

Àlàgbé ṣí agboorùn rẹ̀, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, kò sì dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Ẹfúnwùmí dúró láàárín ẹyìn tí kò tíì lómi, ó sì ń gbàdúrà sínú. Málọmọ́ dúró ti ìkòkò omi, ó ń wò ó. Ooru tó ń jáde nínú ẹkù ń dínkù.

"Ìyá," ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà wí, "ẹyìn yín ń tutù o. Bó bá tutù, kò ní í tu epo sílẹ̀ mọ́."

"Mo ní ojú," Málọmọ́ wí.

Ó wo ẹyìn agbọ̀n mẹ́fà tó fi ọjọ́ méjì ṣà, tó fi gbogbo òwúrọ̀ sè. Ó wo obìnrin tó dúró lé e lórí.

"Kì í ṣe nítorí rẹ," ó wí.

"Mo mọ̀, Ìyá."

Ìkòkò omi náà tóbi. Kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ kan gbé e. Málọmọ́ tú ọwọ́ Ìyábùnmi sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fi ọwọ́ méjèèjì gbé e.