Àwo Orijínà Bàbá Àbíbù

"Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀! Mo ní kí o tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, Lùkúmọ́nù!"

Lùkúmọ́nù tẹ̀ ẹ́ bí àna rẹ̀ ti wí. Ẹ̀ńjìnì han gooro, èéfín bo ojú ọ̀nà, àmọ́ ọkọ̀ kò kúrò lójú kan. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kékeré kan báyìí, láàrin Bessé àti Ṣábẹ, ni báṣé 404 náà, ọkọ̀ akẹ́rù onítapólì, dúró sí, tó ń bú ramúramù lásán. Òórùn bí ẹni sun ìwo màlúù ń gba abẹ́ rẹ̀ jáde. Lùkúmọ́nù mọ òórùn náà dáadáa. Mẹkaníìkì ni, ọdún mọ́kànlá ló ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Ṣábẹ. Àwo àńbírẹyáàjì ló ń jó, àwo pẹlẹbẹ tó ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ̀ńjìnì fún táyà.

Lẹ́yìn ọkọ̀, lábẹ́ tapólì, Tàwàkálítù ìyàwó rẹ̀ ń rọbí. Ilé bàbá rẹ̀ ní Bessé ló wá láti bí àkọ́bí rẹ̀. Àmọ́ láàárọ̀ yìí, Hélène, agbẹ̀bí ibẹ̀, fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó sì mi orí. Ó ní ọmọ náà dábùú, pé àfi kí wọ́n gbé e lọ sí Ṣábẹ fún iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n má sì pẹ́.

"Ṣé a ti dé Ṣábẹ ni?" Tàwàkálítù béèrè láti abẹ́ tapólì. Ariwo ẹ̀ńjìnì ló ń gbọ́, ó rò pé ọkọ̀ ń sáré.

"Ó kù díẹ̀," ni Lùkúmọ́nù wí. Irọ́ náà korò lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá Àbíbù, tó ni ọkọ̀, tó sì jẹ́ bàbá Tàwàkálítù, fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Ẹ̀ńjìnì tó lágbára báyìí! Kí ló wá dé tí kò lọ?"

Hàà! Kí ló dé? Ẹ tún gbọ́ ìbéèrè!

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, bàbá yìí kan náà ló gbé ẹ̀ńjìnì 504 wá, ó ní kí àna òun gbé e wọ inú 404 òun. Lùkúmọ́nù rọra sọ ọ́ bó ṣe yẹ kó sọ ọ́. "Bàbá, agbára èyí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ àwo àńbírẹyáàjì náà. Ti tẹ́lẹ̀ kò ní lè dì í mú. Bí ẹ bá kó ẹrù sí ọkọ̀ tó sì dé orí òkè, yóò máa yọ̀."

"Orijínà ni!" Bàbá Àbíbù jágbe. "Ọwọ́ òyìnbó ló dè é síbẹ̀, kò sẹ́ni tó tú u wò rí. Ìwọ lo wá fẹ́ yọ orijínà lára ọkọ̀ mi, kí o fi gbàrọgùdù rọ́pò ẹ̀?"

Ká ní ẹlòmíràn ni, Lùkúmọ́nù ì bá ní kó máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹnu rẹ̀ mú, gbogbo gáráàjì ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àna ni. Ta ló ń wí fún àna pé rárá? Bí ojú bá rí, ẹnu a dákẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ó dáa, bàbá," ó sì de àwo àtijọ́ padà. Nígbà tó délé tó rò ó fún Tàwàkálítù, ìyẹn wò ó. "Ẹ ò wá ní pààrọ̀ ẹ̀?" "Bàbá ẹ ni. Kí ni kí n ṣe?"

Ní báyìí, wọ́n ti já gbogbo iṣu inú ọkọ̀ sílẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n ti dúró kí àwo náà tutù. Lùkúmọ́nù ti wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ti bu yanrìn gbígbẹ sí i kó lè gbá a mú, bí àwọn mẹkaníìkì ti ń ṣe nígbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Ọkọ̀ rìn bí ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́rin, ó tún dúró. Ọkọ̀ mìíràn kò sì ní kọjá lónìí. Àjọ̀dún Àyípadà ìjọba ni, ìjọba ti gba gbogbo ọkọ̀ àgbègbè náà láti fi kó èrò lọ síbi ayẹyẹ.

"Kámáráàdì," Hélène pe Lùkúmọ́nù láti ẹ̀yìn, bí gbogbo èèyàn ti ń pera wọn láyé Àyípadà, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ ti ń wá o."

"Tún un tẹ̀!" Bàbá Àbíbù tún gbá ilẹ̀kùn. "Lẹ́ẹ̀kan péré sí i!"

Lùkúmọ́nù pa ẹ̀ńjìnì.

"Rárá, bàbá."

Lùkúmọ́nù sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló gbé mì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ti wá sọ ọ́ báyìí, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Wọ́n yọ igi méjì tó gbé tapólì ró, wọ́n so tapólì mọ́ ọn, wọ́n sì gbé Tàwàkálítù lé e. Lùkúmọ́nù gba iwájú. Bàbá Àbíbù àti Hélène gba ẹ̀yìn. Ó ku kìlómítà mẹ́fà. Àwọn àpáta Ṣábẹ ń hàn lọ́ọ̀ọ́kán nínú oòrùn. Wọ́n rìn, wọ́n rìn, ibi tí àwọn àpáta náà wà ni wọ́n ṣì wà.

"Ọkọ̀ yìí ti wá ń rọra lọ," Tàwàkálítù wí, ojú rẹ̀ wà ní dídì. "Kò pariwo mọ́. Ṣé ẹ ti pààrọ̀ ẹ̀?"

Bàbá Àbíbù tó wà lẹ́yìn bú sẹ́kún. Lùkúmọ́nù kò bojú wẹ̀yìn.

"Mo ti pààrọ̀ ẹ̀," ló wí, ó sì ń rìn lọ.