Àwọn Ẹ̀fọn Àgbàlá Oníbúrẹ́dì

Apẹ̀fọn kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú ló ti ń gbé agolo oògùn kọ́ ẹ̀yìn, tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tó ń fọ́n oògùn ẹ̀fọn sára ògiri àti sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, tó bá fọ́n yàrá kan tán, ṣe ni ẹ̀fọn máa ń já bọ́ pátápátá. Àwọn ìyá ọlọ́mọ á fi ìgbálẹ̀ kó wọn dànù, wọ́n á máa wúre fún un.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Á fọ́n oògùn, ẹ̀fọn á fò lọ sí òkè àjà, wọ́n á sinmi díẹ̀, wọ́n á tún sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó lọ kí àna rẹ̀ tó dé. Apẹ̀fọn rí i, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń fọ́n ọn ní ìlọ́po méjì.

Àfìgbà tí ibà dá àbígbẹ̀yìn oníbúrẹ́dì àdúgbò náà dùbúlẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹnu náà dákẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n so omi mọ́ ọn lọ́wọ́, kò mọ ẹni tó ń pè é mọ́.

Oníbúrẹ́dì àti Apẹ̀fọn, ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti kékeré. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí oníbúrẹ́dì sọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, lójú gbogbo àdúgbò, dun Apẹ̀fọn wọ egungun.

"Omi lásán lò ń fọ́n sílé mi!" ni oníbúrẹ́dì pariwo. Ìyẹ̀fun ṣì wà ní apá rẹ̀ méjèèjì, ojú rẹ̀ pọ́n koko. "Ibo lò ń ta oògùn wa sí? Sọ fún mi!"

Apẹ̀fọn sọ agolo rẹ̀ kalẹ̀, ó ṣí ìdérí rẹ̀. "Gbóòórùn ẹ̀."

"Òórùn kọ́ ló ń pa ẹ̀fọn," ni oníbúrẹ́dì wí. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó lọ.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti sọ Apẹ̀fọn di Olómi. Tó bá kan ilẹ̀kùn, wọ́n á ní àwọn ò sí nílé, bẹ́ẹ̀ ni ohùn wọn ń jáde láti inú ilé. Lálẹ́, Apẹ̀fọn jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

"Tó bá jẹ́ omi ni," ni ìyàwó rẹ̀ sọ, "kí ló dé tí aṣọ yín fi ń ta mí nímú láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ yín?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ wá jókòó tì í. "Ẹ bu díẹ̀ nínú ẹ̀, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ nǹkan tó wà níbẹ̀. Ẹ má jókòó sílé kẹ́ ẹ máa kú sínú."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní òdìkejì ìlú, wọ́n júwe yàrá kan fún un tó móoru bí ibi ìdáná. Àgò onínẹ́ẹ̀tì tò jọ kún ibẹ̀, ẹ̀fọn ń fò nínú wọn wuuu. Obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun ń fi omi ṣúgà bọ́ wọn.

"Ẹ ń sìn wọ́n ni?" ni Apẹ̀fọn bi í.

"Mò ń tọ́jú wọn ju ọkọ mi lọ, Bàbá," ni obìnrin náà fèsì. "Àwọn la fi ń dán oògùn wò." Ó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ dópin, ó ní òun máa yẹ oògùn náà wò, ṣùgbọ́n kó tún lọ bu tanwíjí wá láti àgbàlá oníbúrẹ́dì, àwọn ọmọ ẹ̀fọn tó ń jó nínú omi.

Ìrìn yẹn le fún un. Ìyàwó oníbúrẹ́dì nìkan ló bá nílé, ó wá mú aṣọ tí wọ́n máa pààrọ̀ fún ọmọ. Apẹ̀fọn kí i, kò lè wò ó lójú. Obìnrin náà wò ó títí, ó wá ṣamọ̀nà rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ààrò, níbi tí omi òjò dúró sí nínú táyà àlòkù. Òun ló bá a di ike tó gbé wá mú tó fi bu omi.

"Ọmọ ti ń lajú díẹ̀díẹ̀, ó bèèrè yín lánàá," ló wí. "Ó ní kí Bàbá Apẹ̀fọn wá lé àwọn ẹ̀fọn ọsibítù."

Nígbà tí tanwíjí náà di ẹ̀fọn, obìnrin olùtọ́jú ẹ̀fọn náà ránṣẹ́ pe Apẹ̀fọn, ó ní kó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ dání. Ìyàwó oníbúrẹ́dì ló fi tipátipá lé ọkọ rẹ̀ jáde. Nínú bọ́ọ̀sì, oníbúrẹ́dì kọjú sí fèrèsé títí wọ́n fi dé.

Olùtọ́jú náà gbé ìgò méjì kalẹ̀. Oògùn inú agolo Apẹ̀fọn ló fi ra inú méjèèjì. Ó da àwọn ẹ̀fọn tí wọ́n ti ń sìn níbẹ̀ láti ìran dé ìran, tí oògùn ò dé ọ̀dọ̀ wọn rí, sínú ọ̀kan. Ó da ti àgbàlá oníbúrẹ́dì sínú èkejì. Wọ́n dúró. Nínú ìgò àkọ́kọ́, ẹ̀fọn bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, wọ́n ṣubú, wọ́n kú. Nínú èkejì, èyí tó kú ò tó nǹkan. Àwọn tó kù ń fò kiri, ara wọn dá ṣáṣá.

Oníbúrẹ́dì tẹjú mọ́ ìgò náà. "Wọ́n ti wá kọ́gbọ́n ni?"

"Ẹyọ kan ò kọ́gbọ́n, sà," ni obìnrin náà wí. "Èyí tí oògùn lè pa, ó pa á. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn péréte kan ti wà tí wọ́n bí pẹ̀lú ara tó lè fọ́ oògùn yìí túútúú kó tó ràn wọ́n. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ wọ́n, torí ara yẹn ò wúlò fún wọn nígbà tí oògùn ò tíì sí. Ìgbà tí oògùn dé, àwọn yòókù kú. Ta ló wá kù tó máa bímọ?"

"Àwọn péréte yẹn," ni Apẹ̀fọn dáhùn.

"Ọmọ wọn sì jọ wọ́n. Ẹ tún fọ́n, wọ́n tún bí. Díẹ̀díẹ̀, àwọn ló gba àdúgbò."

Apẹ̀fọn fi ọwọ́ di àga mú, ó jókòó. Òótọ́ ni pé wọ́n ti dá a láre, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò yá gágá. "Ìyẹn ni pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Èmi ni mo ṣa àwọn tó burú sílẹ̀ fún àdúgbò."

Obìnrin náà ṣí ẹnu, ṣùgbọ́n oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Àwọn ọmọ mi àgbà dàgbà nínú ilé yẹn. Ibà ò dá wọn dùbúlẹ̀ báyìí rí. Ta ló ń fọ́n ilé mi nígbà yẹn?" Ó nu ojú rẹ̀. "Má bínú sí mi, ọ̀rẹ́ mi. Ìbẹ̀rù ló gbẹnu mi sọ̀rọ̀ yẹn."

Apẹ̀fọn di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Olùtọ́jú náà ní oògùn mìíràn wà tó ń gba ọ̀nà mìíràn pa ẹ̀fọn, pé kí wọ́n máa pààrọ̀ wọn, kí wọ́n má lo ọ̀kan pẹ́. Apẹ̀fọn bi í bóyá àwọn ẹ̀fọn àtijọ́ lè tún padà wá.

"Ó ṣeé ṣe," ló wí. "Nígbà míì, ara tó ń fọ́ oògùn yẹn máa ń ni wọ́n lára. Níbi tí oògùn náà ò sí mọ́, àwọn tí kò ní in lè máa bímọ jù wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n ó máa pẹ́."

Ọ̀gá Apẹ̀fọn níbi iṣẹ́ wá fojú ara rẹ̀ rí ìgò náà, ó sì ní kí wọ́n ra oògùn mìíràn. Kí oògùn tuntun tó dé, Apẹ̀fọn àti oníbúrẹ́dì ń da omi táyà nù, wọ́n ń kó pàǹtí inú gọ́tà, àwọn tó ń tilẹ̀kùn mọ́ Apẹ̀fọn tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ṣọ́bìrì.

Ọmọ náà dé láti ọsibítù, ó rù, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti padà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ bí Apẹ̀fọn ṣe ń pèsè oògùn tuntun sílẹ̀.

"Bàbá, ṣé gbogbo wọn ló máa kú lónìí?"

Láyé àtijọ́, ì bá dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó lóṣòó, ó wò ó lójú.

"Rárá, ọmọ mi. Díẹ̀ máa kù. Àwọn yẹn la ó máa ṣọ́."

Ó ní kó bọ́ síta fún òun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n oògùn láti ara ògiri tó wà lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà.