Garawa Ìyá Hàwáwù

Lọ́dún 1988, lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ ará àdúgbò ti lọ kírun, Mọ̀núrù bíríkìlà ri páìpù kan mọ́ inú sìmẹ́ǹtì lẹ́nu ọ̀nà tóóró kan tí kò jìnnà sí Ẹnu Ọ̀wá. Páìpù náà kò gùn ju apá rẹ̀ lọ. Orí kan yọ síta, wọ́n de ẹnu ẹ̀rọ omi mọ́ ọn. Orí kejì kò kan nǹkan kan àfi iyẹ̀pẹ̀. Mọ̀núrù mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó rì í, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ ojú sìmẹ́ǹtì náà, ó dán gbinrin.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Kánsù gbé iṣẹ́ gọ́tà kan ní Ìdúmàgbò fún agbaṣẹ́ṣe kan tí wọ́n ń pè ní Injiníà Ọláyínká. Kó tó rí iṣẹ́ náà gbà, ó ti kọ ọ́ síwèé pé lẹ́yìn gọ́tà, òun yóò ṣe ará àdúgbò lóore méjì: òun yóò fa omi ẹ̀rọ dé ẹnu ọ̀nà wọn, òun yóò sì mú ọmọ wọn mẹ́fà kọ́ṣẹ́. Ìlérí méjèèjì yìí ni kánsù tìtorí rẹ̀ yàn án láàárín àwọn tó kù. Nígbà tí gọ́tà parí, ó pe Mọ̀núrù sí kọ̀rọ̀. Ó ní kó bá òun gbé ohun tí ojú lè rí dìde, pé Tawfiq, àbúrò Mọ̀núrù, ni yóò kọ́kọ́ wọlé nínú àwọn mẹ́fà náà. Mọ̀núrù gbà. Akọ̀wé kánsù ìgbà náà fọwọ́ síwèé pé omi ti ń yọ, kò sì dìde lórí àga rẹ̀ kó tó ṣe é.

Wọn ò pe Tawfiq títí dòní.

Ohun tí Mọ̀núrù dì mú nìyẹn. Ọdún mẹ́jọ ló fi di Ọláyínká sínú. Bí mọ́tò ọkùnrin náà bá ń kọjá, yóò kọ ẹ̀yìn sí i. Nílé onígbàjámọ̀, ní ibi ìsìnkú, níbikíbi tí wọ́n bá ti fún un láyè, ó ń rò ó pé wọ́n fi ọmọ ìyá òun ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá dé ibi páìpù, á fò ó bí ẹni fo gọ́tà.

Kànga àdúgbò náà níyọ̀ lẹ́nu. Omi tó ṣeé mu, ọ̀dọ̀ mẹ́ẹ̀ rúwà tó ń ta omi kiri ni, tàbí kéèyàn rù ú láti ìhà Apọ́ngbọ̀n. Nídìí omi, àwọn èèyàn wọ̀nyí ní òfin kan: garawa ni èèyàn. Ẹni tó bá ti gbé garawa rẹ̀ sórí ìlà ti dúró fúnra rẹ̀. Ó lè lọ kírun, ó lè lọ tajà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sún un. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí sìmẹ́ǹtì gbẹ, Ìyá Hàwáwù, arúgbó tó ń gbé nínú ilé tó kàn ti Mọ̀núrù, ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ kalẹ̀.

"Mọ̀núrù ọkọ mi," ó ní, "ìwọ lo gbé e dúró. Ṣé omi á yọ?"

"Á yọ, ìyá. Ẹ ṣáà gbé garawa yín sí i."

Lẹ́yìn oṣù kan, kálukú ti kó garawa rẹ̀ wọlé. Ìyá Hàwáwù kò gbé tirẹ̀. Tí wọ́n bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ní á yọ. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ni?" Láràárọ̀ ló ń nu eruku inú rẹ̀. Garawa kejì ló fi ń rumi láti Apọ́ngbọ̀n, títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ ọ́. Ó kú nínú ọyẹ́ ọdún kẹjọ. Wọ́n kó aṣọ rẹ̀, wọ́n ká ẹní rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sún garawa. Òfin ìlà kò sọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí àyè òkú.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ tán, garawa náà kún.

"Ta ló ń bá wa ṣe irú eré yìí?" Hàwáwù ọmọ rẹ̀ bi wọ́n. Ó da omi náà nù. Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, ibi tó dà á sí funfun, bí ibi tí wọ́n ti po sìmẹ́ǹtì. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Alásàrì, garawa tún kún dé ẹnu. Òjò kò rọ̀. Aláǹtakùn ti ta okùn dí ẹnu ẹ̀rọ omi náà láti ọjọ́ pípẹ́, okùn náà ṣì wà, ó gbẹ, kò já níbì kan.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Ọ̀nà mìíràn kò sí fún Mọ̀núrù, iwájú ilé rẹ̀ ni. Bó bá ti ń sún mọ́ garawa, á gbọ́ òórùn sìmẹ́ǹtì tútù, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fomi pò, òórùn ọwọ́ ara rẹ̀. Á sì gbọ́ nǹkan nínú sìmẹ́ǹtì líle náà, gbùlù, gbùlù, bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ tó ń gbé omi mì. Ó bi Hàwáwù bóyá ó gbọ́ ọ.

"N ò gbọ́ nǹkan kan, Bùrọ̀dá Mọ̀núrù. Kí lẹ gbọ́?"

"Kò sí."

Àárín ìgbà yìí ni Ọláyínká padà dé. Kánsù fẹ́ tún ilé ìgbẹ̀bí kọ́, ó sì fẹ́ gba iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà ní kánsù: wọn ò gba ìwé orí àga mọ́. Òṣìṣẹ́ wọn ní láti fojú rí i pé agbaṣẹ́ṣe ti mú ìlérí rẹ̀ àtijọ́ ṣẹ, kí ará àdúgbò kan sì jẹ́rìí sí i. Bó bá kùnà, kò ní rí iṣẹ́ náà.

"Mọ̀núrù, o ṣì ń bínú ni?" Ọláyínká bi í nígbà tó wá bá a nílé.

"N kì í bínú. Mo kàn ń rántí ni."

Ọláyínká rẹ́rìn-ín. "Lọ́tẹ̀ yìí, ìwọ ni ọ̀gá gbogbo bíríkìlà mi. Ohun tí mo fẹ́ ò ju kó o sọ pé omi ń yọ."

"Tawfiq ńkọ́?"

"Tawfiq tó ti ń rẹrù l'Ápọ́ngbọ̀n? Ó ti gbó jù fún ọmọṣẹ́."

"Ta ló sọ ọ́ di alárù?"

"Ìwọ ṣáà ronú sí i. Ilé wo lo mọ láti ọdún tó kọjá?"

Kò mọ ilé kankan. Mọ̀núrù kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Lọ́jọ́ kejì, òṣìṣẹ́ kánsù dé, ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú kan tó ń jẹ́ Tèmilọlá. Ọláyínká ṣíwájú rẹ̀. Bó ṣe rí garawa tó kún, ó ṣẹ́jú sí Mọ̀núrù, ó rò pé bíríkìlà náà ló pọn ọ́n síbẹ̀. Ó yọ áńkáṣíìfù, ó nu okùn aláǹtakùn kúrò.

Tèmilọlá yí ẹ̀rọ náà. Kò sí nǹkan.

"Láti àná ni wọ́n ti sé omi," Ọláyínká ní. "Ẹ wo garawa, tìjẹta nìyẹn."

Ọmọbìnrin náà ti ìka bọ omi, ó yára fà á yọ. "Ó tutù. Ó sì ń rùn bíi sìmẹ́ǹtì."

"Ẹ̀rọ tuntun ni."

"Ọdún mẹ́jọ ni tuntun, Injiníà?"

Àwọn tó dúró rẹ́rìn-ín díẹ̀. Tèmilọlá ṣí ìwé rẹ̀, ó yíjú sí Mọ̀núrù. "Omi wà nínú garawa, mo rí i. Ẹnìkan ló kù kó jẹ́rìí. Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ gbé e dúró. Ṣé omi ń yọ níbí?"

Gbùlù, ni inú sìmẹ́ǹtì wí. Garawa náà bẹ̀rẹ̀ sí í kún kọjá ẹnu. Ẹ̀kán kan kò bọ́ láti òkè. Omi náà rọra ṣàn gba ilẹ̀, ó kọjá lára bàtà Ọláyínká láì rin ín, ó dé ẹsẹ̀ Mọ̀núrù, ó dúró síbẹ̀, ó tutù bí ilẹ̀ sàréè. Mọ̀núrù wo bírò tó wà lórí ìwé. Bí òun bá ní ó ń yọ, garawa arúgbó náà ni wọ́n máa fi jẹ́rìí sí irọ́ tí òun pa fún un.

"Sọ fún wọn," Ọláyínká ní.

"Àǹtí, ẹ má kọ ọ́," Mọ̀núrù wí, ohùn rẹ̀ sì dé ojúlé tó jìnnà jù. "Omi ò yọ níbí rí. Èmi ni mo ri páìpù yẹn. Kò gùn ju apá mi yìí lọ, kò kan ibì kankan, mo sì mọ̀ kí n tó rì í. Ìyá Hàwáwù bi mí. Mo wojú rẹ̀, mo ní á yọ."